Ilé Ta Ni Kò Kó Ẹrú Rí?

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Tótó, ó ṣe bí òwe. Òwe náà kò dùn létí, ṣùgbọ́n a kò rí òmíràn tí ó bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ mu tó o. Ọ̀rọ̀ ẹrú ni. Ní ìlú Kàdúná tí a bí àwa sí, tí a ti lọ ilé-ìwé, tí a sì ti ṣe ìtẹ̀bọmi, gbogbo ẹ̀yà ni ó rántí ìgbà tí wọ́n kó àwọn baba wọn lẹ́rú. A kò tí ì pàdé ẹ̀yà kan tí ó rántí ìgbà tí àwọn baba tirẹ̀ lọ kó ẹlòmíràn. Èrò tiwa ni pé ìgbàgbé yìí wà lára ohun tí ó ń pín orílẹ̀-èdè yìí, àti pé kò yẹ kí àwa Kristẹni tí a jẹ́ Yorùbá bá wọn gbàgbé.

Ẹni tí kò bá dé Kàdúná rí lè rò pé ìlú àtayébáyé ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn Gbagyi ni ó ń dáko ní agbègbè náà kí Òyìnbó tó dé. Ìjọba Lugard ni ó yàn án ní olú-ìlú Àríwá, tí wọ́n sì kó ọ́fíìsì ìjọba kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀ ní 1917. Rélùwéè kó oríṣiríṣi ènìyàn wá: Haúsá, Ìgbò, Tápà, Ìdọmà, pẹ̀lú àwọn Yorùbá oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin. Nígbà tí iléeṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, Mùsùlùmí àti Kristẹni ni wọ́n jọ ń dúró ti ẹ̀rọ. Odò Kàdúná gba àárín ìlú kọjá, ṣùgbọ́n odò lásán ni nígbà náà. Afárá wà lórí rẹ̀, kálukú sì ń gbà á lọ síbi tí ó wù ú.

Ní oṣù kejì ọdún 2000 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà. Ó tún bẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2002, ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbò ààrẹ ní 2011. Láti ìgbà náà ni odò ti di ààlà. Ọ̀pọ̀ Kristẹni tí ó ń gbé ìhà àríwá kó lọ sí Sabon Tasha, Narayi àti Kakuri ní ìhà gúúsù. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tí ó ń gbé ìhà gúúsù sì kó gba Tudun Wada àti Rigasa lọ. Kaduna Textiles pàápàá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002.

Àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí rú lójú jù, nítorí pé nínú agboolé Yorùbá kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Àlàájì kí àbúrò jẹ́ díákónì. Bí ó ti rí nínú mọ̀lẹ́bí tiwa nìyẹn. Kí a tó bí àwa ni bàbá wa ti kó lọ sí Sabon Tasha. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àlàájì dúró sí Tudun Wada. Bí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, afárá ni ẹran wa máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa; bí ìrẹsì Kérésìmesì bá jinná, ọ̀nà kan náà ni ó máa ń gbà lọ bá wọn. A dàgbà bá a bẹ́ẹ̀. Haúsá ni a fi ń ra ẹ̀pà, Yorùbá ni a fi ń gbàdúrà nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò.

Kí ló fa ìpínyà yìí? Àwọn kan yóò ní ẹ̀sìn ni, àwọn mìíràn yóò ní àwọn olóṣèlú ni. Òótọ́ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ jókòó ti àwọn àgbàlagbà láti Gúúsù Kàdúná, bí a ti máa ń ṣe lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti 2000. Orí òkè tí àwọn ìyá ìyá wọn sá gùn nígbà tí ẹṣin Sáríà ń bọ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn náà kì í sì í ṣe àlọ́. Ní 1804 ni Usman dan Fodio gbé ogun jíhàdì rẹ̀ dìde, Sáríà sì wá di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ṣókótó. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí wọ́n wà ní ìhà gúúsù Sáríà, tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, di ẹni tí à ń dọdẹ. Nínú wọn ni wọ́n ti ń kó ẹrú tí ó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn abúlé oko tí Haúsá ń pè ní rinji. Nínú wọn náà ni wọ́n ti ń mú ìṣákọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí Ṣókótó. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ẹrú tí ó wà ní gbogbo ilẹ̀ tí Ṣókótó ń darí kò dín ní mílíọ̀nù 1 nígbà tí Òyìnbó wọlé. Òfin tí Lugard ṣe ní 1901 sọ pé ọmọ tí a bá bí láti oṣù kẹrin ọdún náà lọ, òmìnira ni í ṣe. Ẹni tí ó ti wà lóko ẹrú tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kí ó ra ara rẹ̀ padà ni, tàbí kí ó wá ọ̀nà sá lọ. Ọdún 1936 ni òfin tó pa ipò ẹrú rẹ́ pátápátá ní Àríwá. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: kò tí ì pé 100 ọdún.

Ohun tí ó tún dá kún un ni pé nígbà tí Òyìnbó fẹ́ fi ọba ṣàkóso, ààfin Sáríà kan náà ni wọ́n fi àwọn ará òkè wọ̀nyí sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń sá fún ẹṣin lánàá wá ń san owó-orí fún ẹni tí ó gun ẹṣin. Àwọn míṣọ́nnárì SIM dé Kwoi ní 1910, wọ́n sì dé Kagoro ní 1927. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà gba Jésù gbọ́. Ẹ̀sìn bọ́ sórí ojú egbò tí ó ti wà nílẹ̀. Nígbà tí ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ ní Zangon Kataf ní 1992, ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò kó ọjà lọ ni ó dá a sílẹ̀. Àbí ta ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn yóò torí ìsọ̀ ọjà nìkan kú fún? Ọdún 1995 ni ìjọba tó fún àwọn Atyap ní ọba tiwọn, kí wọ́n tó kúrò lábẹ́ ààfin Sáríà.

Nígbà tí àwa Yorùbá bá gbọ́ ìtàn báyìí, a máa ń mi orí pé, “Àwọn Gàmbàrí burú o.” A máa ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ aládùúgbò. Ohun kan wáyé nínú mọ̀lẹ́bí wa tí ó fi hàn pé ẹjọ́ wa náà ni.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin mú àfẹ́sọ́nà wálé. Ọmọ Bajju ni, láti Zonkwa, Kristẹni tòótọ́ ni, olùkọ́ ni, inú ẹgbẹ́ akọrin ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Kò sí ẹni tí ó rí àléébù kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹbí jókòó, bàbá kan nínú wọn wú ikọ́, ó ní, “Ọmọ dáadáa ni, a kò jiyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a rántí o. Ìran tí Gàmbàrí ń kó lẹ́rú ni wọ́n. Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ọmọ wa lọ bímọ sí?” Kò sí ẹni tí ó bá a wí. Àwọn kan ń wo ilẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a ṣì ṣe ìwádìí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìwádìí túmọ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́dọ̀ wa: kì í ṣe àìsàn àti gbèsè nìkan ni wọ́n ń wádìí, wọ́n ń wádìí bóyá ẹnì kan rí nínú ìdílé náà jẹ́ ẹni tí wọ́n fowó rà. Ìpàdé náà tú ká láìsí ìpinnu, ẹ̀gbọ́n wa kò sì jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn rán wa padà sínú ìwé ìtàn. Ohun tí a rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí Yorùbá lè jókòó bí adájọ́.

Ẹ rántí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Ìlọrin. Bí ó ti ń bá Ọ̀yọ́ jà, ó kéde pé kí àwọn ẹrú Haúsá tí ó wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá wá bá òun, òun yóò sọ wọ́n di òmìnira. Wọ́n sì wá lọ́pọ̀lọpọ̀. Níbo ni wọ́n ti wá? Ilé àwọn baba wa ni. Samuel Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrú Haúsá ni àwọn Yorùbá ń lò fún dída màlúù, fún wíwun okùn àti fún gbígé irun. Àwọn ẹrú wọ̀nyí di ọmọ ogun Ìlọrin, wọ́n sì pa Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí a bá ń sọ pé Fúlàní gba Ìlọrin, ó yẹ kí a sọ èyí mọ́ ọn: ẹrú tí a ti rà tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tí ó gbà á.

Ẹ rántí Àjàyí Crowther pẹ̀lú. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí ogun kó Òṣogùn ní 1821. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ó dárúkọ àwọn tí ó wà nínú ogun náà: àwọn Ọ̀yọ́ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú àjèjì tí wọ́n ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹni tí Yorùbá fi ṣe ẹrú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun náà sì wá ń kó ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Potogí rà á. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó rà á tí wọ́n sì tún tà á kí ó tó dé etí òkun ni wọ́n gbọ́ èdè tí ó fi ń sunkún.

Bí a bá fẹ́ ẹ̀rí sí i, ọ̀pọ̀ wa ni ó ti ka eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí ẹrú kún oko rẹ̀. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n dìde sí Ìbàdàn nínú ogun Kírìjí láti 1877, ara ohun tí ó sú wọn ni pé àwọn ajẹ́lẹ̀ àti ológun Ìbàdàn ń kó wọn lọ. Kò sí Gàmbàrí kan nínú ìyẹn. Yorùbá ń kó Yorùbá ni.

Bàbá Àlàájì ni ó parí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà. Kò sí níbi ìpàdé àkọ́kọ́. Nígbà tí ó gbọ́, ó gba afárá kọjá wá sí Sabon Tasha lọ́jọ́ Àìkú, ó sì dúró dè wá títí a fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo àwọn tí ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin ń wá ẹrú lọ sí Zonkwa. Ìyá tí ó bí bàbá wa ńkọ́? Àbí ẹ ti gbàgbé pé Tápà ni, àti pé owó ni wọ́n fi rà á, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un dé Ògbómọ̀ṣọ́? Àkànkè tí à ń pè é, àwọn tí ó rà á ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ta ni ó mọ̀ ọ́n nínú yín?”

Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Àwa ọmọ kò tilẹ̀ gbọ́ rí pé a ní ìyá ńlá kan tí ó jẹ́ Tápà. Nínú oríkì ilé wa, wọ́n ń ki baba ńlá wa pé ó lówó, ó lẹ́rú; kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà ni ìyá wa. Bàbá tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Àlàájì, òótọ́ lẹ wí.” Wọ́n ṣe ìdána ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí. Ìyẹn kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù sí wa. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ìgbà tí ilé wa sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó ṣí fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí àwa dúró. Ìjọ tí ó tọ́ wa dàgbà kì í bu omi la Bíbélì, àwa náà kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bíbélì kò fi ọ̀rọ̀ ajínigbé ṣeré. Òfin Mósè ní Ẹ́kísódù 21:16 dá ikú fún ẹni tí ó bá jí ènìyàn tà. Pọ́ọ̀lù náà, ní 1 Tímótì 1:10, ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ńláńlá. Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni òwò ẹrú, yálà Òyìnbó ni ó ṣe é, yálà Fúlàní, yálà Yorùbá. Kò sí àṣà tàbí oríkì tí ó lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Bíbélì kan náà sọ ní Ìsíkíẹ́lì 18 pé ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ baba rẹ̀. A gba èyí gbọ́. A kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé ọmọ Haúsá tí ó ń ta súyà ní Kawo lónìí jẹ̀bi ohun tí ẹlẹ́ṣin ṣe ní 1850. A kò sì gbà pé owó ìtánràn tí ìjọba kan bá san ni yóò wo irú egbò yìí, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ kì í sì í gbọ́ ti owó. Ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì, tí wọ́n kó nígbèkùn ní ọmọdé, kúnlẹ̀ ní orí 9 ìwé rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn baba rẹ̀ dá. Kò sọ pé “wọ́n” ṣẹ̀. Ó ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Nehemáyà ṣe bẹ́ẹ̀ ní orí 1. Ẹni tí kò ru ẹ̀bi ṣì lè jẹ́wọ́. Ìjẹ́wọ́ ni ó yà á kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà, nítorí ohun tí ènìyàn bá ń fi bò, ó ń gbé e pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ ni.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ẹrú pín àwọn ìjọ kí ó tó pín orílẹ̀-èdè. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì pín ní 1844. Àwọn Onítẹ̀bọmi pín ní 1845, nítorí pé àwọn ará gúúsù fẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì. Ní 1861 ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí ní 1865, ó ti pa ènìyàn tí ó ju 600,000 lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ti kọ́kọ́ ya ara wọn sọ́tọ̀ kí àwọn ológun tó ya ara wọn.

Ìjọ gúúsù yẹn, Southern Baptist Convention, ni ó rán Thomas Jefferson Bowen tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó mú ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó sì gbé e lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkè Ọya. Ìhìnrere tí ó dé ọ̀dọ̀ wa jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó gbé e wá ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ní oṣù kẹfà 1995, nígbà tí Convention náà pé 150 ọdún, wọ́n péjọ ní Atlanta, wọ́n jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn baba wọn ṣẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, wọ́n sì bẹ àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù. Lóòótọ́, 150 ọdún pẹ́. Ó sàn ju kí wọ́n má ṣe é lọ. Bí àwọn tí a mọ̀ sí olùfẹ́ Bíbélì tí kì í yí padà bọ̀rọ̀ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwa tí wọ́n kọ́ ní Bíbélì náà kò tí ì ṣe é?

Ó yẹ kí a béèrè, nítorí pé orílẹ̀-èdè wa náà ń ya. Àwọn kan ń pè fún Orílẹ̀-èdè Yorùbá, àwọn kan ń pè fún Biafra, àwọn ará Gúúsù Kàdúná ti ń béèrè ìpínlẹ̀ Gurara tipẹ́. A kò ní àwọn tí ń béèrè kò ní ìdí. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni pé gbogbo ìpè wọ̀nyí dúró lórí ìtàn kan náà: àwa ni wọ́n ṣe níbi, àwa kò ṣe ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè ṣe ohunkóhun sí aládùúgbò rẹ̀ kí ó sì sùn dáadáa. Bí a bá pín ilẹ̀ lé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lórí, inú ilẹ̀ tuntun náà ni Ìbàdàn àti Èkìtì yóò ti tún ranti ara wọn.

Bí a sì ti ń jiyàn, òwò náà ti padà dé. Ní ọjọ́ 5, oṣù keje 2021, àwọn agbébọn wọ Bethel Baptist High School ní Kàdúná, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 121. Àwọn òbí san owó kí wọ́n tó rí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta 2022, wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná lọ́nà. Mùsùlùmí àti Kristẹni ni wọ́n jọ kó wọ igbó. Ní oṣù kẹta 2024, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Kuriga. Kí ni a ń pe kí á mú ènìyàn, kí á dá iye lé e lórí, kí á sì tà á fún àwọn ẹbí rẹ̀? Àwọn baba wa mọ orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí kò bá pe òwò ẹrú ti àná ní ẹ̀ṣẹ̀, yóò ṣòro fún un láti rí ohùn fi pe ti òní bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? A kì í ṣe ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Bí a bá lọ sílé nígbà ìsinmi, kí a bi àwọn àgbà wa léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n tó lọ: ta ni wọ́n rà wá sínú ilé wa, orúkọ wo ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀? Kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìdàpọ̀ àwọn Kristẹni lórí ọgbà, nígbà tí a bá ń gbàdúrà fún Nàìjíríà, kí a má máa ka ẹ̀ṣẹ̀ Àríwá nìkan. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé, kí a kọ ìwádìí ẹrú sílẹ̀ pátápátá, nítorí ẹni tí Jésù rà, owó kan náà ni ó fi rà wá pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé èyí yóò sọ ìgbàgbọ́ wa di yẹpẹrẹ. Ní Kàdúná wa yìí, Pasítọ̀ James Wuye pàdánù ọwọ́ rẹ̀ kan nínú ìjà 1992. Ímáàmù Muhammad Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ méjì. Ọ̀tá ni wọ́n. Láti 1995 ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ àlàáfíà. Wuye kò di Mùsùlùmí, Ashafa kò di Kristẹni. Kálukú dúró gbọn-in lórí ohun tí ó gbà gbọ́. Àjàyí Crowther náà, nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á, kò wá ẹni tí ó tà á láti gbẹ̀san. Ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú Bíbélì Yorùbá tí à ń kà.

Ìtàn Jósẹ́fù ni a fẹ́ fi dágbére. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó tà á. Nígbà tí ìyàn mú, wọ́n wá dúró níwájú rẹ̀ ní Íjíbítì, wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Ní Jẹ́nẹ́sísì orí 42, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàrin ara wọn, ní èdè wọn, pé àwọn jẹ̀bi nípa àbúrò àwọn. Wọ́n rò pé kò gbọ́, nítorí ògbufọ̀ ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí padà kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì sunkún. Ẹ̀yin ará, àwọn tí a jọ ń gbé Kàdúná gbọ́ èdè wa ju bí a ti rò lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Yorùbá ń jẹ́wọ́ ti ilé rẹ̀, ta ni ó mọ ẹni tí ojú rẹ̀ yóò kún fún omijé ní òdì kejì odò? Kí Ọlọ́run fún wa ní ìgboyà láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ire o.